Ṣé wọ́n rọ prọ́fẹ́sọ̀ lóyè ni? Àlàyé lórí iṣẹ́ ọ̀gá iléèwé ọ̀nà jíjìn

Sátidé tó kọjá yìí ni mo lọ ra ẹ̀wà lọ́jà Bódìjà, lọ́dọ̀ àǹtí mi tó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń tà níbẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń wọn ẹ̀wà lọ́wọ́ ni wọ́n fà mí sún mọ́ ẹ̀gbẹ́ àpò, wọ́n rẹ ohùn sílẹ̀, wọ́n ní ṣé mo ti gbọ́ nípa prọ́fẹ́sọ̀ tó ń gbé ládùúgbò àwọn, bàbá jẹ́ẹ́jẹ́ yẹn, pé yunifásítì ti yọ ọ́ kúrò níbi tó ti ń kọ́ àwọn ọmọ, wọ́n lọ fi ṣe dírẹ́kítọ̀ àwọn tó ń kàwé lórí fóònù. "Ta ló ṣẹ̀?" Bí wọ́n ṣe bi mí nìyẹn o, pẹ̀lú ojú àánú.

Mo rẹ́rìn-ín débi tí àwọn tó wà nísọ̀ kejì fi yíjú wò wá. Àmọ́ nígbà tí mo délé mo rò ó, mo rí i pé kì í ṣe àǹtí mi nìkan lọ̀rọ̀ yìí rú lójú. N'Ìbàdàn níbí, ìlú tí yunifásítì tó pẹ́ jù ní Nàìjíríà wà, ẹ máa rí ẹni tó kàwé dáadáa tó ṣì gbà pé DLC, ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ọ̀nà jíjìn ní yunifásítì, ni wọ́n ń ju àgbà lẹ́kíṣọ́rà sí tọ́rọ̀ ẹ̀ bá ti sú ọ̀gá, pé ẹni tó ń darí ibẹ̀ ò ṣe ju kó máa ka owó fọ́ọ̀mù lọ. Àwọn míì ní rárá o, ó ti di VC kékeré, bí ọ̀gá àgbà yunifásítì, ìgbádùn ló lọ jẹ. Apá méjèèjì ló ṣìnà.

Orúkọ ni ká kọ́kọ́ tú, torí ibẹ̀ gan-an ni gbogbo ẹ̀ ti ń dàrú. Ẹ̀kọ́ àgbà ń sọ ẹni tó ń kọ́ ẹ̀kọ́, ẹ̀kọ́ ọ̀nà jíjìn ń sọ bí ẹ̀kọ́ ṣe ń dé ọ̀dọ̀ onítọ̀hún, nǹkan méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Ìyá àgbà tó ń lọ kọ́ ABD lálaalẹ́ níléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó wà lẹ́yìnkùlé wọn, ẹ̀kọ́ àgbà nìyẹn, kò sí ọ̀nà jíjìn kankan níbẹ̀, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń rìn lọ. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún tó forúkọ sílẹ̀ ní NOUN, ìyẹn National Open University, torí pé ó ti ń ṣiṣẹ́ níbì kan, ọ̀nà jíjìn ló fi ń kàwé, ṣùgbọ́n ta ló máa pe ìyẹn lágbà? Ọlọ́pàá tó ń dúró ní Ìwó Road, tó níyàwó tó bímọ mẹ́ta, tó sì ń ka dígírì lọ́dọ̀ DLC UI, òun ló pa méjèèjì pọ̀. Páátì-táìmù tún yàtọ̀ sí gbogbo ìyẹn, kíláàsì lẹ máa wọ̀ níbẹ̀, ó kàn jẹ́ pé ìrọ̀lẹ́ tàbí òpin ọ̀sẹ̀ ni. Sáńwíìṣì náà, kíláàsì ni, ìgbà ọlidé gígùn làwọn tíṣà máa ń lọ ṣe é.

Ọ̀rọ̀ dírẹ́kítọ̀ yìí náà wá ńkọ́? Oríṣi iléèwé méjì ló wà. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé ọ̀nà jíjìn ni gbogbo ilé wọn pátá, bíi NOUN, ẹni tó bá wà lórí ibẹ̀ VC ni bíi VC yòókù, kò kéré sí wọn. NTI, iléèwé àwọn tíṣà tó wà ní Kàdúná láti 1976, tí wọ́n fi ń gba NCE, ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ tíṣà, láìkúrò nílé, ìyẹn náà ní ọ̀gá tirẹ̀. Oríṣi kejì ni yunifásítì tó ń kọ́ àwọn ọmọ lójúkojú, tó tún ya ẹ̀ka kan sọ́tọ̀ fáwọn tó wà lọ́nà jíjìn. Bí UI ṣe wà nìyẹn. Ọdún 1988 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ tiwọn, External Studies ni wọ́n ń pè é nígbà yẹn, àwọn tíṣà tó fẹ́ kàwé sí i láìfiṣẹ́ sílẹ̀ ni wọ́n sì torí ẹ̀ dá a sílẹ̀, nígbà tó di 2002 ni orúkọ yí padà sí Distance Learning Centre. Níbi báyìí, dírẹ́kítọ̀ ni ọ̀gá ibẹ̀, ó ń jíyìn fún VC, Sẹ́nétì yunifásítì, ìyẹn ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ níbẹ̀, ló sì ń fọwọ́ sí èsì àti dígírì tí wọ́n ń fún èèyàn. Tẹ́ ẹ bá tún dé sẹ́ńtà NOUN nílùú kan, ẹ máa bá dírẹ́kítọ̀ míì níbẹ̀ tó jẹ́ ti sẹ́ńtà yẹn nìkan. Nítorí náà tẹ́nì kan bá ní òun jẹ́ dírẹ́kítọ̀, ẹ bi í pé dírẹ́kítọ̀ ti kí ni.

Ó yá, iṣẹ́ wo ló ń ṣe gan-an?

Iléèwé tá a mọ̀, ẹnu olùkọ́ ni gbogbo nǹkan rọ̀ mọ́. Tí lẹ́kíṣọ́rà ò bá múra sílẹ̀ dáadáa, á fi àwàdà dí i, á wo ojú àwọn ọmọ, á rí i pé ọ̀rọ̀ ò yé wọn, á tún un sọ. Iléèwé ọ̀nà jíjìn ò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ wò ó báyìí: ìyá olóúnjẹ tó ń bu àmàlà fún ẹni tó jókòó síwájú ẹ̀, bí iyọ̀ ọbẹ̀ ò bá tó, á bù sí i lójú ẹsẹ̀. Àmọ́ ẹni tó ń di oúnjẹ fún arìnrìn-àjò, ohun tó bá ti gbàgbé, ó ti gbàgbé ẹ̀ nìyẹn, mọ́tò á ti kọjá tógéètì kí onítọ̀hún tó tú u. Ìwé tí DLC ń kọ fún akẹ́kọ̀ọ́, oúnjẹ arìnrìn-àjò ni. Wọ́n gbọ́dọ̀ ti kọ ọ́ tán kí akẹ́kọ̀ọ́ tó wọlé rárá, ẹnì kan á kọ ọ́, ẹlòmíì á yẹ̀ ẹ́ wò bóyá òótọ́ ni ohun tó wà níbẹ̀, ẹlòmíì á tún kà á bí ẹni tó dá wà nílé láìsí ẹni tó máa bi léèrè, á wò ó bóyá ó yé èèyàn, wọ́n á fi ìbéèrè há a láàárín kí òǹkàwé lè máa dán ara ẹ̀ wò. Àwọn lẹ́kíṣọ́rà tó ti ń kọ́ni fún ọgbọ̀n ọdún ò fẹ́ràn kí ẹnikẹ́ni sọ fún wọn pé ojú ìwé kẹrin wọn ò yéèyàn. Ta ló máa sọ ọ́ fún wọn? Ọ̀gá wa yìí ni. Àwọn tí ọ̀gá yìí sì ń sọ ọ́ fún, ẹgbẹ́ ẹ̀ ni wọ́n, òmíràn nínú wọn ló kọ́ òun gan-an.

Ìyẹn tiẹ̀ ni èyí tó rọrùn.

Èyí tó le ni akẹ́kọ̀ọ́ fúnra ẹ̀. Ọmọ tó ń gbé ní họ́sítẹ̀lì, iṣẹ́ kan ṣoṣo tó ní láyé ni ìwé yẹn. Akẹ́kọ̀ọ́ ọ̀nà jíjìn lè jẹ́ nọ́ọ̀sì tó ti iṣẹ́ òru dé láti UCH, ó wẹ ọmọ, ó ṣetán ló wá gbé ìwé, iná lọ, fóònù ku ìlà kan, dátà ti tán láti àná. Kò sẹ́ni tó rí i. Tó bá jẹ́ nínú kíláàsì, tí ìjókòó bá ṣófo lẹ́ẹ̀mẹta, lẹ́kíṣọ́rà á béèrè pé lágbájá dà. Níbí, ẹni tó bá dẹ̀yìn á kàn rọra dákẹ́ ni, oṣù mẹ́fà á kọjá kó tó yé yín pé ó ti lọ. Lójú tèmi o, ibi tẹ́ ẹ ti lè mọ ọ̀gá tó mọṣẹ́ àti èyí tó kàn jókòó nìyí. Ẹ má béèrè iye èèyàn tó gbà wọlé, owó fọ́ọ̀mù lásán nìyẹn. Ẹ bi í pé nínú àwọn tó wọlé pọ̀ lọ́dún kan, mélòó ló parí, àti pé tẹ́nì kan ò bá wọ orí ìkànnì iléèwé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ta ló ń pè é? Tó bá ní kò sẹ́ni tó ń pè é, ẹ ti gbọ́ ìdáhùn.

Ẹ tún wo ọ̀rọ̀ ìdánwò. Iléèwé kan wà tí mi ò ní dárúkọ ẹ̀, ọ̀rẹ́ mi kan ń ka ìwé níbẹ̀ láti Ṣakí, wọ́n yí ọjọ́ ìdánwò padà nígbà tó ku ọjọ́ méjì, wọ́n fi téẹ̀sì ránṣẹ́. Tó bá jẹ́ àwọn ọmọ họ́sítẹ̀lì ni, wọ́n á hó yèè, wọ́n á padà lọ sùn. Ọ̀rẹ́ mi ti gba ààyè níbi iṣẹ́, ọ̀gá ẹ̀ ti kùn kó tó fún un, ó ti gbé ọmọ fún ìyá ọkọ, ó ti sanwó mọ́tò. Kò jókòó ṣe ìdánwò yẹn mọ́ títí di òní. Ẹni tó yí táímùtébù yẹn, bóyá ló mọ̀ pé òun ti lé èèyàn kúrò níléèwé lọ́jọ́ yẹn. Ẹ wá rí ìdí tí mo fi ń sọ pé iṣẹ́ yìí kì í ṣe iṣẹ́ ẹni tí wọ́n rọ̀ lóyè.

Ètò ìdánwò náà tún ní ìṣirò tiẹ̀. Ní NOUN, asáínmẹ́ǹtì tẹ́ ẹ máa ṣe kẹ́ ẹ tó dé ibi ìdánwò gba máàkì 30, ìdánwò gan-an gba 70. Ẹ̀yin ẹ gbọ́ nọ́ḿbà lásán, àmọ́ ọ̀gá gbọ́ pé èèyàn gbọ́dọ̀ wà tó máa máàkì, kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ wà tí kò ní sọ 27 di 0, bẹ́ẹ̀ ló gbọ́dọ̀ ní ẹni tó máa gbé fóònù nígbà tí èèyàn bá pè pé 27 òun dà. UI tún máa ń lo rédíò tiwọn, Diamond FM 101.1, láti fi gbé lẹ́kíṣọ̀ sáfẹ́fẹ́, èyí tó wù mí gan-an torí rédíò ò béèrè dátà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Nígbà tí ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, daṣẹ́ sílẹ̀ lọ́dún 2022, láti February títí di October, ìbéèrè tó ń já lu irú àwọn ẹ̀ka báyìí ni pé lẹ́kíṣọ́rà tó ń kọ́ ọmọ inú ọgbà náà ló ń máàkì ti ará ọ̀nà jíjìn, ṣé ẹ ó wá ní kí apá kan ara ẹ̀ wà lẹ́nu iṣẹ́ ni?

Ọ̀rọ̀ owó, mi ò ní pẹ́ lórí ìyẹn. Owó tí akẹ́kọ̀ọ́ ń san ló ń gbé ọ̀pọ̀ irú ẹ̀ka yìí ró, yunifásítì á sì máa wò ó bí àpò tí wọ́n lè fi dí ihò ibòmíì. Ọ̀gá tí ò bá lè sọ pé "ẹ dúró ná" fún àwọn tó ga jù ú lọ, kò ní rówó tẹ̀wé.

Báwo wá lèèyàn ṣe ń débẹ̀? Ibi tí mo fẹ́ràn jù nínú ọ̀rọ̀ yìí nìyí, torí kò sẹ́ni tó gba ọ̀nà tààrà.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ nílé. Kí DLC kankan tó wà rárá, ìfìwéránṣẹ́ làwọn bàbá wa fi ń kàwé, àwọn bíi Rapid Results College á fi ìwé ránṣẹ́ láti London, ẹ̀ẹ́ kà á lábẹ́ àtùpà, ẹ̀ẹ́ fi ìdáhùn ránṣẹ́ padà. Bí Awólọ́wọ̀ náà ṣe gba B.Com ti University of London lọ́dún 1944 nìyẹn, nígbà tó ṣì ń wá jíjẹ mímu, kó tó lọ ka lọ́ọ̀. Nígbà tí University College dé Ìbàdàn ní 1948, kò ju ọdún kan lọ tí wọ́n fi dá ẹ̀ka extra-mural sílẹ̀, iṣẹ́ ẹ̀ sì ni kó máa gbé ẹ̀kọ́ jáde kúrò nínú ọgbà, kí àwọn olùkọ́ máa lọ sáwọn ìlú lọ kọ́ akọ̀wé, tíṣà àti oníṣòwò ní ìrọ̀lẹ́. Ẹni tí wọ́n fi ṣe ọ̀gá ibẹ̀ ni Robert Gardiner, ọmọ Gold Coast tó ti di Ghana lónìí. Ọkùnrin yìí ló wá di ọ̀gá àjọ ètò ọrọ̀ ajé Áfíríkà ti UN ní Addis Ababa láti 1962, ó lé lọ́dún mẹ́wàá níbẹ̀. Ayọ̀ Ògúnṣẹ̀yẹ náà darí ẹ̀ka yẹn lẹ́yìn ẹ̀. Àǹtí mi, ṣé ìyẹn jọ ibi tí wọ́n ń ju èèyàn sí?

Láti inú ilé kan náà, ilé ẹ̀kọ́ àgbà UI, ni Michael Ọmọ́lẹ́wà ti jáde, onímọ̀ ìtàn tó fi ìtàn bí àgbà ṣe ń kàwé ní Nàìjíríà ṣe iṣẹ́ ayé ẹ̀. Ó ṣe aṣojú Nàìjíríà ní UNESCO, àjọ ẹ̀kọ́ àti àṣà ti UN, lọ́dún 2003 wọ́n sì yàn án ṣe ààrẹ ìpàdé gbogbogbòò wọn.

Àmọ́ ọ̀nà yìí náà ní kòtò o, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n tàn yín. Prọ́fẹ́sọ̀ Afọlábí Òjó, onímọ̀ jọ́gíráfì láti Ifẹ̀, ni wọ́n gbé iṣẹ́ National Open University àkọ́kọ́ lé lọ́wọ́. Òfin ẹ̀ jáde ní July 1983. Ológun gbàjọba ní December, nígbà tó di April 1984, ìjọba Buhari ní ká ti ibẹ̀ pa, wọ́n lówó ò sí. Ìwé tí wọ́n ti kọ, òṣìṣẹ́ tí wọ́n ti gbà, gbogbo ẹ̀ dúró sójú kan. Ó gbà wọ́n tó ọdún mẹ́tàdínlógún kí Ọbásanjọ́ tó jí i dìde, Ọbásanjọ́ kan náà ló sì tún lọ forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀ bí akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́yìn tó kúrò nípò, tó fi gba PhD nínú ẹ̀kọ́ ìsìn Kírísítẹ́nì ní 2018. Olúgbémiró Jẹ́gẹ́dẹ́ ni VC àkọ́kọ́ nígbà tí wọ́n jí i. Onímọ̀ nípa bí wọ́n ṣe ń kọ́ni ní sáyẹ́ǹsì ni tẹ́lẹ̀, ó ti ṣiṣẹ́ ọ̀nà jíjìn ní Australia, ó tún ṣe é ní Hong Kong, kí wọ́n tó pè é wálé. Ẹ kíyè sí i, ó ní láti jáde kúrò nílé lọ kọ́ iṣẹ́ yìí, torí nílé, wọ́n ti ti ṣọ́ọ̀bù.

Abdalla Uba Adamu tó ṣe VC NOUN láti 2016, ìjà tiẹ̀ yàtọ̀. Àwọn tó ka lọ́ọ̀ ní NOUN ò rí Law School wọ̀, àwọn tọ́jọ́ orí wọn tó NYSC ò rí i lọ. Kí ni ọ̀gá iléèwé fẹ́ ṣe sí i? Ìwé kíkọ ò lè yanjú ìyẹn, òfin ni wọ́n ní láti yí ní Abuja. Wọ́n yí i ní 2018, ẹni tó sì bu ọwọ́ lù ú ni Buhari, Buhari tí ìjọba ẹ̀ ti í pa ní 1984. Ayé!

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ rí bí iṣẹ́ yìí ṣe lè gbé èèyàn jìnnà, ẹ wo John Daniel. Ìmọ̀ nípa irin ló kà, ó sì ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Montreal ní Canada. Torí kó lè túbọ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń kọ́ni, ó lọ forúkọ sílẹ̀ bí akẹ́kọ̀ọ́ páátì-táìmù, wọ́n ní kó lọ ṣe ìkọ́ṣẹ́ níbì kan, ló bá lọ sí Open University ní England lọ́dún 1972, nígbà tí iléèwé yẹn ṣẹ̀ṣẹ̀ gba akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ lọ́dún tó ṣáájú. Oṣù díẹ̀ péré ló lò. Kò padà sídìí irin mọ́. Ó ṣiṣẹ́ níléèwé ọ̀nà jíjìn ní Quebec, ó lọ sí Athabasca, ó darí Laurentian, yunifásítì ní Canada ni méjèèjì, nígbà tó di 1990 ó padà sí Open University yẹn gẹ́gẹ́ bíi VC, ó lo ọdún mọ́kànlá, ó lọ sí UNESCO, ó wá darí Commonwealth of Learning, àjọ ẹ̀kọ́ ọ̀nà jíjìn àwọn orílẹ̀-èdè Commonwealth, ní Vancouver títí di 2012.

Jọ́gíráfì, ìtàn, sáyẹ́ǹsì, irin. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó sọ lọ́mọdé pé ọ̀gá iléèwé ọ̀nà jíjìn lòun fẹ́ dà. Àárín ọ̀nà ni wọ́n ti pàdé ẹ̀, ó sì mú wọn.

Fún ọmọ tó ń ka èyí lónìí tó ń wò ó pé òun náà lè ṣe é, ọ̀nà tiẹ̀ mọ́lẹ̀ díẹ̀ ju tiwọn lọ. Ẹ̀ẹ́ gba PhD, ẹ̀ẹ́ wọlé bíi lẹ́kíṣọ́rà, ẹ̀ẹ́ gun àtẹ̀gùn yẹn dé prọ́fẹ́sọ̀ bíi tẹlòmíì, kò sí àbùjá. Ẹ̀kọ́ àgbà wà ní UI tẹ́ ẹ lè kà dé PhD, ṣùgbọ́n ẹ ti rí i pé kò dandan kó jẹ́ òun lẹ kà. Ohun tó máa yà yín sọ́tọ̀ ni iṣẹ́ tí àwọn ẹgbẹ́ yín ò fẹ́ ṣe: kí wọ́n ní ta ló máa kọ ìwé kóòsì fáwọn DLC, kẹ́ ẹ ní èmi, kí wọ́n ní ta ló máa lọ bá wọn ṣe ìpàdé ojúkojú lọ́jọ́ Sátidé, kẹ́ ẹ ní èmi. Láti ibẹ̀ wọ́n á fi yín ṣe kòdínétọ̀ kóòsì kan, ó lè di igbákejì dírẹ́kítọ̀, ó sì lè di dírẹ́kítọ̀. Tó bá sì parí, ẹ ò di ẹni ẹ̀yìn o, ẹ̀ẹ́ kàn padà sí dìpátímẹ́ǹtì yín lọ máa kọ́ni ni. VC pàápàá, òfin ti fún un ní ọdún márùn-ún péré láti 2003, kò sí ẹ̀ẹ̀kejì.

Mo padà lọ sí Bódìjà lọ́jọ́ Tusidé, mo ṣàlàyé gbogbo ẹ̀ fún àǹtí mi, mo tiẹ̀ fi oúnjẹ arìnrìn-àjò yẹn ṣe àpẹẹrẹ fún wọn. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n ní Ṣadé ọmọ àwọn tó ń ṣe tíṣà ní Mọ́níyà, NCE ló dúró sí, tí àwọn bá san owó ẹ̀ níbẹ̀, tó bá há sójú ọ̀nà ní òru, ṣé prọ́fẹ́sọ̀ yẹn á gbé ìpè ẹ̀? Mo ní rárá ma, kì í ṣe òun fúnra ẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ẹ̀ ni kó rí i pé ẹnì kan gbé e.

"Tẹ́nì yẹn ò bá gbé e ńkọ́?"

Mo ní mi ò mọ̀.

Wọ́n bu ẹ̀wà kún inú kóńgò, wọ́n fi ọwọ́ rẹ́ ẹ lórí. "Kò burú. Ọ̀dọ̀ mi ni ìyàwó ẹ̀ ti ń ra ẹ̀wà."